Fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, ti kọ́ńpìnnì ni àbí ti ìta? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa onímọ́tò Abẹ́òkúta

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe ní Abẹ́òkúta. N kò tíì rí nǹkan kékeré tó ń ba ẹ́ńjìnnì ńlá jẹ́ tó fílítà afẹ́fẹ́ tí wọn kò kà kún. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn oníbàárà máa ń bi mí nígbà tí wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Kí gan-an ni fílítà yìí ń ṣe?

Ẹ́ńjìnnì ń mí bí èèyàn ṣe ń mí. Epo nìkan kò lè jó, afẹ́fẹ́ ló ń bá a jó. Tí a bá gbé e sórí ìwọ̀n, epo bẹntiróòlù kílò kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó kílò 14.7 kó tó jó tán. Tí a bá fi lítà wò ó, lítà epo kan ṣoṣo ń gba afẹ́fẹ́ tó tó lítà 9,000. Ẹ ra epo 40 lítà, kí epo yẹn tó tán, ẹ́ńjìnnì yín á ti fa afẹ́fẹ́ bíi lítà 360,000 sínú.

Irú afẹ́fẹ́ wo wá ni? Afẹ́fẹ́ Làfẹ́ńwá lọ́jọ́ ọjà. Afẹ́fẹ́ ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, níbi tí àwọn típà ti ń kó òkúta wẹ́wẹ́ jáde láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ Ewékorò níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Afẹ́fẹ́ àdúgbò tí kò ní ọ̀dà, níbi tí eruku pupa ti ń bo ewé igi. Tí ọyẹ́ bá tún dé láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, eruku míì ń bá a wá láti ìhà aṣálẹ̀. Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ yìí ń ti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá.

Òkúta ni ìlú wa jókòó lé, eruku wa sì ní yanrìn òkúta nínú. Yanrìn yẹn le ju irin tí wọ́n fi ṣe ara sílíńdà, ihò inú ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó, lọ. Tó bá ti wọlé, á bọ́ sáàárín ríìngì (òrùka irin tó yí písítínì ká) àti sílíńdà, á máa ha wọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń fi bébà yanrìn ha pákó. Fílítà nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dá a dúró.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti kọ́ńpìnnì àti ti ìta?

Ti kọ́ńpìnnì ni èyí tó wà nínú páálí tó ní orúkọ ẹni tó ṣe mọ́tò yín: Toyota, Honda, Nissan, Hyundai. Ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà ti Toyota sábà máa ń fi 17801 bẹ̀rẹ̀, ti Honda ń fi 17220 bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, á wúlò tí ẹ bá dé iwájú ọlọ́jà.

Ti ìta ni èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ tà: Mann, Mahle, Bosch, Wix, Fram, Sakura. Wọn kò fi ara wọn pe Toyota. Mann+Hummel ti wà ní Ludwigsburg, ní Jámánì, láti 1941, fílítà sì ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́.

Ẹ̀kẹta wà tí àwọn èèyàn máa ń pò mọ́ ti ìta, ayédèrú ni. Orúkọ olórúkọ ló wà lára páálí, ṣùgbọ́n kì í ṣe olórúkọ ló ṣe é. Ìjà tèmi, òun ni mo ń bá jà. Ó ń dùn mí tí èèyàn bá ra ayédèrú "Toyota", tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́, tó wá ń sọ kiri pé ti kọ́ńpìnnì kò dára. Bákan náà ló ń dùn mí tí wọ́n bá ń pe gbogbo ti ìta ní "ti Ṣáínà" bí ẹni ń bú u. Ibi tí wọ́n ti ṣe é kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Indonéṣíà ni Sakura ti ń wá, ó sì gbajúmọ̀ kárí ayé. Ẹ sì lè rí ojúlówó ti kọ́ńpìnnì tí wọ́n kọ Thailand tàbí Ṣáínà sí lára.

Ṣé Toyota fúnra rẹ̀ ló ń ṣe fílítà tó ń tà?

Àwọn tó ń ṣe mọ́tò máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Denso ń ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan fún Toyota. Mahle àti Mann náà ń ṣe fún oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Yúróòpù. Nítorí náà, ó lè jẹ́ ọwọ́ kan náà ló ṣe èyí tó wà nínú páálí kọ́ńpìnnì àti èyí tí ẹ rí nínú páálí tó ní orúkọ míì.

Èwo wá ni kí n rà?

Tí ẹ bá rí ojúlówó ti kọ́ńpìnnì, tí agbára yín sì ká a, ẹ rà á. Tí kò bá sí, tàbí tí owó rẹ̀ ga jù, ẹ ra ti ìta tó ní orúkọ rere, tó bá ihò rẹ̀ mu, kí ọkàn yín sì balẹ̀. Ti ìta tó dára sàn ju "ti kọ́ńpìnnì" tí kò dá yín lójú.

Ìdánwò kan wà tí wọ́n fi ń wọn fílítà, ISO 5011 ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á da eruku tí wọ́n ti wọ̀n sínú afẹ́fẹ́ tó ń lọ sínú fílítà, wọ́n á sì wo ìwọ̀n èyí tó mú àti èyí tó jẹ́ kó kọjá. Fílítà bébà tó dára máa ń mú ju 98 lọ nínú 100. Ẹ wá wò ó: tí fílítà kan bá mú 99, tí èkejì mú 96, ẹ lè sọ pé mẹ́ta péré náà ni. Ẹ má ka èyí tó mú, èyí tó kọjá ni kí ẹ kà. Ọ̀kan jẹ́ kí 1 kọjá, èkejì jẹ́ kí 4 kọjá. Ìlọ́po mẹ́rin eruku ni èkejì ń kó sínú ẹ́ńjìnnì yín, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìlú tí kò ní eruku, ó lè má hàn. Níbí, ó máa hàn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó dára níwájú ọlọ́jà?

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú èyí tó wà nínú mọ́tò dání, bó ti wù kó dọ̀tí tó, ẹ wé e sínú ọ̀rá. Tí mẹkáníìkì bá fẹ́ lọ rà á fún yín, ẹ ní kó mú ògbólógbòó padà wá fún yín kí ẹ fojú ara yín rí i. Kì í ṣe pé gbogbo wa ni alárékérekè, àmọ́ owó yín ni.

Ẹ gbé méjèèjì sórí ara wọn. Gígùn, ìbú, gíga, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ọlọ́jà bá sọ pé "ó kéré díẹ̀ ni, ó máa wọ̀ ọ́," ẹ dá a padà fún un. Ààyè tó fẹ̀ tó èékánná tó fún afẹ́fẹ́ láti gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Afẹ́fẹ́ kì í wá ọ̀nà tó le, ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà, yóò sì gbé eruku rẹ̀ dání.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà tó yí etí rẹ̀ ká. Rọ́bà tó dára á rọ̀, á sì gbéra padà. Tó bá le gbagidi bí ike, kò lè di ẹnu ihò. Mo ka rọ́bà yìí sí ju bébà pàápàá lọ, nítorí bébà tó dára jù láyé kò ní ṣe nǹkan kan tí afẹ́fẹ́ bá ń gba etí rẹ̀ wọlé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ká bébà náà. Ó yẹ kí ìká rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí ó sún mọ́ra, kí àlàfo wọn dọ́gba. Ẹ ka iye ìká tó wà lára ògbólógbòó, kí ẹ ka ti tuntun. Àwọn ayédèrú máa ń dín bébà kù: níbi tí ojúlówó ti ní ìká àádọ́ta, tiwọn lè má ju ọgbọ̀n lọ. Tí bébà bá kéré, ibi tí eruku máa dúró sí kéré nìyẹn, á tètè dí. Ẹ gbé e sókè kí oòrùn tàn sí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ṣe bàìbàì kárí. Tí ẹ bá rí ihò tó ń tàn bí ìràwọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀.

Lórí páálí, ẹ wo bóyá nọ́ńbà tó wà níta bá èyí tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà mu. Ẹ wo àkọtọ́ orúkọ náà dáadáa. Iye tí wọ́n bá sì pè é, ẹ fi wé ti ibòmíràn, bóyá ní Kútọ̀, tàbí kí ẹ pe ẹni tó ń lọ sí Ládípọ̀ ní Muṣin. Tí ti ẹnì kan bá wá sílẹ̀ dé ìdajì iye tí gbogbo èèyàn ń tà á, nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ọlọ́jà tó sọ pé "tí kò bá bá a mu, ẹ dá a padà," ẹ di irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú.

Èyí tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń fi ọ́ìlì sí ńkọ́? Wọ́n ní títí ayé ni.

Òwú tí wọ́n fi ọ́ìlì rin ni. K&N ló gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, Kalifọ́níà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ó máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé fàlàlà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìdíje fi fẹ́ràn rẹ̀.

Fún mọ́tò tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ ilé ìwé, tí ẹ sì fi ń lọ Ṣàgámù, n kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ìdí méjì ni. Ohun tí àwa nílò níbí ni kí eruku má wọlé, bébà tó dára sì máa ń mú eruku kéékèèké ju òwú lọ. Ìdí kejì ni ọ́ìlì náà. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn fílítà tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Wáyà tínrín tó ń gbóná wà nínú rẹ̀. Tí ẹni tó fọ fílítà bá da ọ́ìlì sí i jù, ọ́ìlì á fò lọ lẹ̀ mọ́ wáyà yẹn, kọ̀ǹpútà mọ́tò á máa gba ìròyìn tí kò péye, iná ẹ́ńjìnnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè rí kóòdù P0101 tàbí P0171. Mo ti rí i tí wọ́n pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, tí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, nígbà tó jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó fẹ́ fífọ̀ lásán ni.

Tí ẹ bá ti ní i tẹ́lẹ̀, ọṣẹ tirẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ nínú ibòji, kí ẹ tó fi ọ́ìlì tirẹ̀ gan-an rin ín fẹ́ẹ́rẹ́. Kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì o.

Ṣé fílítà tuntun á dín epo tí mọ́tò mi ń jẹ kù?

Àwọn ọlọ́jà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2009, ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà dán an wò. Wọ́n rí i pé fún mọ́tò tó ń lo ínjẹ́tọ̀ àti kọ̀ǹpútà, fílítà tó dí kì í mú kó jẹ epo jù. Kọ̀ǹpútà ń wọn afẹ́fẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá dín kù, á dín epo náà kù. Ohun tó yí padà ni bí mọ́tò ṣe ń gbéra: fílítà tuntun mú kó tètè sáré sókè pẹ̀lú bíi ìdá 6 sí 11 nínú 100. Ẹni tó bá ń gun òkè ìlú wa pẹ̀lú èrò márùn-ún nínú Micra mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Mọ́tò àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀ ni epo rẹ̀ lè dín kù tí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà tó dí. Nítorí náà, tí ọkọ̀ yín bá ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ wo ibòmíràn kí ẹ tó dá fílítà lẹ́bi.

Ìgbà wo ni kí n máa pààrọ̀ rẹ̀?

Ìwé tí Toyota ń fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà sọ pé ní kìlómítà 48,000 tàbí ọdún mẹ́ta. Ìwé yẹn náà ló sọ pé ẹni tó bá ń rìn lójú ọ̀nà eruku, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo kìlómítà 8,000 tàbí oṣù mẹ́fà. Àwa ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀.

Tèmi ni pé ẹ máa ṣí i wò nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Fún ẹni tó ń rìn nínú ìlú, mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, oṣù kẹta ni mo sì fẹ́ràn jù, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti ká kúrò. Tí ẹ bá fi tuntun sí i ní oṣù kọkànlá, ọyẹ́ á ti kún un kí ọdún tuntun tó gbó. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Àlàbàtà tàbí Ọ̀dẹ̀dá lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró tó ọdún kan.

Ẹ má sì kánjú jù. Fílítà bébà tó ti gba eruku díẹ̀ máa ń mú eruku ju tuntun lọ, torí eruku tó wà lára rẹ̀ á dí àwọn ihò tó tóbi. Pé ó pọ́n díẹ̀ lójú kò túmọ̀ sí pé ó ti kú.

Ṣé mo lè gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà kó fẹ́ ẹ fún mi?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nínú gbogbo èyí tí mo ti sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Kò sí bí onímọ́tò ṣe lè rìn láti Pànṣẹ́kẹ́ dé Òkè-Mosàn tí kò ní rí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Owó kékeré ni, eruku á sì fò jáde, inú èèyàn á dùn. Àmọ́ afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lágbára ju ohun tí bébà yẹn lè fara dà lọ. Ó ń ya àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń lu ihò tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ ó rí fílítà tó mọ́, ẹ ó sì máa rò pé ó ń ṣiṣẹ́, nígbà tí yanrìn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Fílítà tó dọ̀tí tí kò ya sàn jù ú lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan kan rárá, ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́, kí eruku tó wà lójú rẹ̀ bọ́, kó parí síbẹ̀.

Fífọ̀ ńkọ́? Bébà kì í ṣe aṣọ àdìrẹ. Ẹ má fi omi kàn án. Tí omi bá wọ inú àpótí rẹ̀ nígbà tí òjò gba títì, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ sọ ọ́ nù.

Bẹ́ljíọ̀mù ńkọ́?

Rárá. A lè ra gíásì tòkunbọ̀, a lè ra ilẹ̀kùn tòkunbọ̀. Ẹ má ra fílítà tí ẹlòmíràn ti lò.

Ojúlówó ti kọ́ńpìnnì ni mo fi sí i, síbẹ̀ mọ́tò mi ń rú èéfín, ó sì ń jẹ ọ́ìlì. Kí ló fà á?

Ẹ wo àpótí tí fílítà ń gbé. Oníbàárà kan gbé Corolla 2005 wá bá mi, fílítà inú rẹ̀ dára gan-an, nọ́ńbà rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó ti ṣiṣẹ́ lára mọ́tò náà tẹ́lẹ̀ ti ṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìkọ́ tó di àpótí náà mú, ó wá fi okùn dè é. Mo tú ọ̀pá rọ́bà tó lọ sínú ẹ́ńjìnnì, mo fi áńkáṣíìfù funfun nu inú rẹ̀. Pípọ́n ló pọ́n jáde, bí ilẹ̀ àgbàlá. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ni eruku ń gbà, kò kọjá lára fílítà rárá. Ríìngì ti jẹ tán, ọ́ìlì ń gòkè lọ jó, èéfín búlúù ń jáde. Owó tí ọkùnrin náà ná lórí ẹ́ńjìnnì yẹn á ra fílítà fún un títí ọmọ rẹ̀ á fi máa wa mọ́tò. Ìkọ́ kan ṣoṣo ló fà á.

Ẹ̀yin náà lè ṣe ìdánwò áńkáṣíìfù yìí nílé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tú ọ̀pá tó wà lẹ́yìn fílítà, ẹ nu inú rẹ̀. Tó bá mọ́, fílítà yín ń ṣiṣẹ́, yálà ti kọ́ńpìnnì ni tàbí ti ìta. Tó bá ní yanrìn, ẹ má bi fílítà ní orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ wo rọ́bà, ẹ wo ìkọ́, ẹ wo ọ̀pá náà bóyá ó ti sán.

Fílítà tó wà lẹ́yìn àpótí ìwé níwájú èrò ńkọ́?

Ti éèsì nìyẹn, imú ẹ̀yin tí ẹ wà nínú mọ́tò ló ń dáàbò bò, kò kan ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan ti sanwó fún ti ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ ti éèsì ni wọ́n pààrọ̀ fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ hàn yín.

Mọ́tò mi ṣì wà lábẹ́ wáráńtì. Ṣé ti ìta kò ní bà á jẹ́?

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti 1975 tí kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ mọ́tò fi dandan lé e pé páàtì tiwọn nìkan lẹ gbọ́dọ̀ lò kí wáráńtì tó dúró, àyàfi tí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí, ẹ ka ìwé wáráńtì yín kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Títí àkókò yẹn á fi pé, ti kọ́ńpìnnì ni mo máa lò tó bá jẹ́ èmi ni, kí àríyànjiyàn má baà wà.

Bàbá mi ṣì ní Fọkisiwágìnì ìjàpá. Fílítà rẹ̀ dà?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo abọ́ ọ́ìlì. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ já lu ọ́ìlì, eruku á rì sínú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó gòkè. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ẹ fọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ bu tuntun sí i dé ojú àmì. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ọ̀kan tí wọ́n tọ́jú dáadáa.

Fílítà mi ti ya, ọjọ́ Àìkú ni, mi ò rí rà, mo sì gbọ́dọ̀ jáde. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò kí n máa lọ?

Ẹ má yọ ọ́. Wákàtí kan láìsí fílítà lójú ọ̀nà eruku lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ oṣù kò ní ṣe. Èyí tó ya ṣì dá díẹ̀ dúró. Ẹ gba ojú ọ̀dà, ẹ rọra sáré, ẹ má tẹ̀lé tírélà lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Tí ẹ bá wá ń ra ti oṣù kẹta tó ń bọ̀, ẹ ra méjì pọ̀, kí ọ̀kan wà nínú búùtù, nínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹrù wúwo kankan má wà lórí rẹ̀.